Ọwọ́ Tó Da Oògùn

Omi ni mo ń tọ́jú nílé Alájì Busáírì,
n kò wọ inú rẹ̀ rí.
Ẹ̀yìn ilé ni, ní Adéwọlé, Ìlọrin.
Láràárọ̀ ni mo ń fi àwọ̀n kó ewé máńgòrò kúrò lójú rẹ̀,
kí ọyẹ́ tó ti apá Òkè Sóbì dé
pẹ̀lú ẹrù eruku rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, omi ṣú, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá àná.
Àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.
"Oyèlẹ́kàn, mo fẹ́ rí ìsàlẹ̀ omi yìí."
Wọ́n kọ ọ́ sára ike oògùn pé ife kan ni.
Mo da méjì.
Mo tún da ìdajì sí i nítorí ojú Alájì.

Sátidé, omi mọ́ gaara, èèyàn lè ka táìlì inú rẹ̀.
Òórùn oògùn ń ta imú;
wọ́n ní òórùn ìmọ́tótó ni, wọ́n yìn mí.
Wàsílátù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
kò jáde láti ìyálẹ̀ta títí di ìrun Alásàárì.

Nígbà tó fi di Àtìní, ọmọ ń họra
bí ewúrẹ́ tó rí ògiri.
Kọ́lọ́fín orúnkún rẹ̀ pọ́n,
ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun bí ẹni rìn kọjá nínú eérú.
Ìyá rẹ̀ fẹ̀sùn kan ọṣẹ,
ó fẹ̀sùn kan ẹ̀pà,
ó wá dé orí obìnrin Ṣàárẹ́ tó ta òrí fún wọn ní Ìpàta.
Wọ́n da òrí náà sí ààtàn, tigbá tigbá.

Èmi ń fọ àwọ̀n. N kò sọ̀rọ̀.
Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi:
ó là bí àkùrọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn.
Ọdún mẹ́fà nìyí tí mo ti ń da oògùn yìí.
Ọwọ́ mi ti rojọ́ tán, ẹnu mi ló kù.

Lọ́mọdé, Odò Ọ̀yún ni tiwa ní Ọ̀fà.
Ẹrẹ̀ ló ń bá wa délé, kì í ṣe ara yíyún.
Síbẹ̀ ìyá mi á dì wá mú lẹ́nu ilẹ̀kùn,
á fi àdín pa wá lára kí omi tó gbẹ:
"Ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ mumi? Omi náà mu yín.
Ẹ gba ọ̀rá ara yín padà."
A máa ń sá fún un bí ẹni sá fún ẹgba.

Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ilé ìdáná.
"Ìyá Wàsílá, òrí kọ́. Èmi ni."
Ó mú ọ̀bẹ àlùbọ́sà dání,
ó wò mí, ó pẹ́.
Omijé wà lójú rẹ̀; n kò mọ̀ bóyá ti àlùbọ́sà ni.
Ó ní, "Báwo la ó ṣe é, kó lè padà síbẹ̀?
Ọmọ yẹn fẹ́ràn omi ju ilé kéú lọ."

A fa omi náà sílẹ̀ títí ó fi lọ sílẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ kan,
a fi ti kànga rọ́pò.
Mo ń ti ìwé ìdánwò bọ̀ ọ́ lówùúrọ̀, lálẹ́,
títí àwọ̀ rẹ̀ fi bá ti ara ike mu.
Mo gbé garawa omi mímọ́ sétí adágún,
mo ní kí ọmọ kọ́kọ́ bu ú dà sára,
nítorí awọ tó ti mu omi yó
kì í ráyè mu oògùn.
Tó bá gòkè, kó tún ṣan ara, kíá,
kí ọyẹ́ tó bá a ṣeré;
kí táwẹ̀lì tẹ ara, kó má ha á.
Ìgbà tí awọ ṣì tutù ni òrí ń wọlé;
tó bá ti gbẹ, ẹnu ọ̀nà ló ń sùn.

Òrí wo?

Lọ́jọ́ Àlàrùbá mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìpàta,
mo wá obìnrin Ṣàárẹ́ náà kàn.
Ó ti gbọ́. Ìlọrin kò tóbi tó bẹ́ẹ̀.
Ó ń fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ojú òrí, kò gbójú sókè.
"Ta ló rán ọ wá?"

Mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀.
Ó wò wọ́n.
Ó fi ìka bu òrí, kò béèrè owó,
ó ń fi dí ojú ibi tó là níkọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń rẹ́ ògiri tó lanu.