Àmì Ìsàlẹ̀

Iná ti lọ láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì,
jẹnẹrétọ̀ Bàbá Fátúnlà ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri.
Mo jókòó ní Ìsàn, lórí àpótí tí Màmá fi ń mọ ìkòkò,
kọ̀ǹpútà lórí itan, wáyà lọ́tùn-ún lósì bí ìtàkùn iṣu.

Ojú ewé kan péré ni mo fẹ́ ṣe,
kí ará Àkúrẹ́ àti ará Kánádà
lè rí ìkòkò Màmá, kí wọ́n mọ iye tó jẹ́.
Mi ò mọ̀ pé kí n tó kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan
mo ní láti kọ́kọ́ yan irin iṣẹ́.

Délùpọ̀ fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ láti Adó.
"Ìwọ ṣáà fà á, kí o jù ú síbẹ̀."
Mo fà á, mo jù ú. Ó dán bí ilé ìyàwó tuntun,
àfi pé wọ́n ti to àga Òyìnbó síbẹ̀ kí n tó wọlé,
ìkòkò Màmá wá dà bí àlejò tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lóṣooṣù.
Bí owó bá pẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ níta.
Mo ti yá ilé gbé rí. Mo mọ ohùn onílé.

Ti ìkejì, ọ̀fẹ́ ni,
ọ̀fẹ́ tó jẹ dátà mi tán lóru ọjọ́ kan.
Mo tẹ orúkọ Màmá sí i: Ọ̀ṣọ́wùmí.
Mo fi pamọ́. Mo tún un ṣí.
???wùmí.

Màmá kò kàwé. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ojú ẹ̀rọ.
"Ta ló so ìwọ̀ mẹ́ta mọ́ mi lọ́rùn?"
Mo wò ó títí. Ọ̀ṣọ́ ti bọ́ lára orúkọ,
ó ku wùmí.
Kí ló wù ẹ́, Màmá? Ẹ̀rọ kò sọ.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Tíṣà Ògúnlúsì, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì,
tó ń fi aṣọ ìnujú nu kọ̀ǹpútà bí ẹni ń nu ojú ọmọ.
Ti tirẹ̀ kò ní àwòrán, kò ní bọ́tìnnì,
ojú funfun lásán, bí ilẹ̀ tí wọ́n gbá tán.
Ó ní, "Fúnra rẹ ni wàá kọ gbogbo rẹ̀.
Ohun tí o bá ṣí, kí o pa á dé."

Mo gbàgbé láti pa ẹyọ kan dé,
gbogbo ewé náà sanra láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀.
Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àmọ́ àmì abẹ́ ọ̀ṣọ́ dúró.
Màmá ní kí n kọ ọ́ bí òun ṣe ń pè é: ùkòkò.
Ti Délùpọ̀ ìbá ti fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀.
Èyí kò sọ nǹkan kan.

Aago méjì òru, mo fi han Màmá:
ìkòkò méje, orúkọ kan, nọ́ńbà fóònù.
Kò lẹ́wà. Délùpọ̀ ní ó jọ ìwé ìkéde òkú.
Màmá fi ìka kàn án, amọ̀ lẹ̀ mọ́ gíláàsì.
Èékánná rẹ̀ ló fi ń fa ìlà méjì sábẹ́ gbogbo ohun tó bá mọ,
nítorí náà ìbéèrè kan ló ní:
"Ṣé ó ní ùdí?"

Mo yí i padà, mo fi ìdí rẹ̀ hàn án,
ìlà lórí ìlà, ṣíṣí àti pípadé.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ùdí ùkòkò a máa dúdú," ló wí,
ó sì lọ sùn.

Láàárọ̀, kó tó bọ́jú pàápàá:
"Yọ ìkarùn-ún kúrò, mo ti tà á fún ará Ìlúpéjú."
Mo mọ ìlà tó wà.