Owó Kajú Ọdún Yìí

Àpò kajú mẹ́ta àti ààbọ̀ ni mo tà.
Ọkùnrin tó wá rà á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì,
ẹ̀ẹ̀kejì fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.
Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gọ́ta
ló wà nínú agolo Mílò lábẹ́ tábìlì,
owó ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

Bọ̀dá Ọbájẹmú ló gbé kọ̀ǹpútà yìí bọ̀ láti Lọ́kọ́ja
lọ́dún tó fẹ̀yìn tì.
Tí mo bá tàn án láàárọ̀, á máa kùn
bí ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ata gbígbẹ.
Màá gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù, màá kí Ìyá Ibídùn lódìkejì títì,
"Okun o." "Okun, ọmọ mi."
A ó sọ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wú,
a ó sọ ti ọmọ rẹ̀ tí kì í pè,
màá padà wọlé, ẹ̀rọ ò tíì jí tán.
Okun la fi ń kí ara wa ní Ìsánlú;
okun gan-an ni ẹ̀rọ mi ò ní.

Jẹ́mírìn ní Kábbà tú ikùn rẹ̀,
ó fẹ́ eruku ọyẹ́ mẹ́rin jáde, ó sín.
"Ráàmù, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún.
Díìsìkì tuntun, èyí tí kì í yí, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.
Páwà, méjìlélógún, torí èyí ti ń rùn.
Mónítọ̀, ogójì."
Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé rìsíìtì, mo ń rò ó.

Mónítọ̀ ni ojú mi kọ́kọ́ lọ.
Ìlà pupa kan ti là á láàárín láti ọdún ìjẹta,
gbogbo òkú tí mo bá tẹ ìwé ètò ìsìnkú wọn
ni ìlà náà ń gba imú wọn kọjá.
Àwọn ọmọ olóògbé á na ìka sí i:
"Ṣé eléyìí ò ní hàn nínú ìwé?"
Mónítọ̀ àti ráàmù, owó mi pé géérégé,
àfi pé ẹsẹ̀ ni màá fi rìn délé.

Jẹ́mírìn ò sọ nǹkan kan.
Ó kàn gbé díìsìkì àtijọ́ sí mi létí.
Kẹ́. Kẹ́-kẹ́. Kẹ́.
Bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, tó mọ̀ pé a wà nílé.

Ọdún mọ́kànlá ló wà nínú nǹkan yẹn:
ìbéèrè ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta,
àkọsílẹ̀ ìpàdé ìdílé tí wọ́n fi pín ilẹ̀ odò,
tí ìjà rẹ̀ ò tíì tán,
àti bàbá mi, ojú ìwé mẹ́jọ,
tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀, tí mo ṣì í tẹ̀,
tí mo tún un tẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

"Díìsìkì," ni mo wí. "Àti páwà."
"Páwà? Kò sẹ́ni tó máa rí i o."
Kò sẹ́ni tó ń rí ìpìlẹ̀ ilé náà.
Ó yọ ẹgbẹ̀rún kan àtààbọ̀ fún mi,
mo fi wọ ọkọ̀, mo fi ra búrẹ́dì,
mo gbé ẹ̀rọ lé itan bí ọmọ tó gba abẹ́rẹ́.

Ìlà pupa ṣì ń là wọ́n nímú.
Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná mo tẹ bọ́tìnnì,
kí n tó na ọwọ́ mú ìgbálẹ̀, ó ti jí,
ó ń dúró dè mí, kò kùn rárá.
Mo jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.
Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù
nígbà tí òjìji kan dí ẹnu ọ̀nà,
Ìyá Ibídùn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú:
"Ṣé kò sí o? Mi ò gbọ́ ohùn rẹ láti àárọ̀."