Mo Ka Àlọ, N Kò Ka Àbọ̀

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó sábẹ́ odi dáàmù,
nínú yàrá kan tí kò tó ibùsùn,
tí gíláàsì rẹ̀ ń làágùn bí ẹni tí ibà ń ṣe.
Iṣẹ́ mi kò ju kí n máa ka ẹja.
Ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ àtàǹpàkò mi:
ẹja kan, tẹ̀. Ẹja kan, tẹ̀.

Bí òjò oṣù kọkànlá bá dé sí Tokantíns,
tí odò pọ́n, tó ń run ewé,
piraséma dé nìyẹn, ìgbà tí ẹja ń bá ìṣàn jà.
Wọ́n á dé gììrì:
kurimatá tó ń kùn lábẹ́ omi bí alùpùpù ọ̀nà jíjìn,
tabarána tí ìpẹ́ rẹ̀ ń kọ mànà,
jaú onírungbọ̀n, tí kì í kánjú sí ohunkóhun.
Wọ́n á gun àkàbà kọnkéré náà,
fò, sinmi, fò, sinmi,
èyí tí imú rẹ̀ ti bó kò ní yà sẹ́yìn.
Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹgbàajì ó lé mẹ́tàlá.
Mo sunkún. Ẹ má bi mí nídìí.

Ilé-iṣẹ́ kọ iye mi sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà:
ÀKÀBÀ NÁÀ Ń ṢIṢẸ́.
Wọ́n ya ẹja kan sí i tó ń rẹ́rìn-ín.
Ẹja kì í rẹ́rìn-ín. Mo ti wo ojú wọn.

Baba Evilázio ló da ọ̀rọ̀ rú.
Ó wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń ṣọ́ géètì,
ó bẹ̀rẹ̀ wo gíláàsì mi, ó pẹ́ níbẹ̀.
“Deusimá, mélòó lo ti kà tó ń bọ̀?”
“Bọ̀ láti ibo?”
“Láti òkè. Ṣé ẹni tó lọ kì í bọ̀ ni?”
Mo wo ẹ̀rọ ọwọ́ mi.
Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ní.

Ivonéide ti yunifásítì ló gbé ọkọ̀ ojú omi lọ sókè,
ó da àwọ̀n tó fẹ́lẹ́ bí aṣọ ojú fèrèsé sínú omi.
Ó ń bó ọsàn bó ti ń ròyìn fún mi.
Ẹyin àwọn ẹja yìí kì í lẹ̀ mọ́ òkúta, ó ní.
Inú ìṣàn ni wọ́n ń yé e sí,
ìṣàn ni ìyá tó ń pọ̀n ọ́n,
tó ń gbé e sọ̀kalẹ̀, tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún,
títí yóò fi pa, títí yóò fi lójú.
Ṣùgbọ́n lẹ́yìn odi, ìṣàn ti tán.
Adágún ni. Ọgọ́ta máìlì omi tó sùn.
Ìyá tó pọ̀n ọmọ dúró lójijì,
ọ̀já tú.
Ẹyin ń rọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́ sínú ẹrẹ̀ dúdú,
níbi tí ẹnikẹ́ni kò fi gíláàsì sí.

Ìlú òtútù ni wọ́n ti wo àwòrán àkàbà náà.
Ẹja ọ̀hún a lọ, a bímọ, a kú síbẹ̀.
Tiwa ń lọ kó lè bọ̀.
Àlọ ni wọ́n yá wa,
wọn ò yá wa lábọ̀.

N kò ní kí wọ́n wó odi.
Iná tí mo fi ń kọ èyí, odi ló ń tàn án.
Ivonéide ní àkàbà gba àwọn odò kan là,
níbi tí omi òkè ṣì ń rìn. Mo gbà á gbọ́.
Tiwa, wọ́n ti í pa lóṣù kejì.
Pátákó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹja kò gbọ́. Wọ́n ṣì ń wá,
wọ́n ń rọ́ jọ sábẹ́ odi, wọ́n ń fi imú kan kọnkéré.
Baba Evilázio ká àwọ̀n rẹ̀ kúrò:
ẹni tí a dínà mọ́, ó ní, kì í ṣe ẹran ọdẹ.

Lóru, lórí ibùsùn,
àtàǹpàkò mi ṣì ń tẹ afẹ́fẹ́.