Ìkarahun Heino

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní, adágún Peipsi ti dì gbagidi,
mọ́tò ń gba orí omi kọjá lọ sí erékùṣù Piirissaar.
Èmi Õnne jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Heino
pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin rèé tó ti lọ.
Láràárọ̀ ló máa ń lu ihò sínú omi dídì,
á wọn bó ṣe nípọn tó,
á wá tẹ iye rẹ̀ sínú ojú dúdú yìí,
ojú tí kò ní àwòrán, tí kò ní ọ̀ṣọ́,
àfi ìlà kan àti àmì dọ́là tí ń dúró de ọ̀rọ̀.
Ìkarahun ni wọ́n ń pè é, ó ní.
Mo ní, ìgbín ńkọ́?
Ó ní, "Èmi nìyẹn."

Lánàá mo fẹ́ tún nǹkan kékeré ṣe.
Ìwé kan wà tí ìkarahun máa ń kà kó tó kí ènìyàn,
ẹyọ àmì ìdánudúró kan ló fi bojú níwájú orúkọ rẹ̀
kí àlejò má baà rí i.
Mo ṣí i. Níbi tí Heino kọ Ọ̀NÀ sí,
mo kọ àdírẹ́sì àpò tuntun mi,
mo pa á dé, mo tún un ṣí, inú mi dùn.

Mo tẹ lẹ́tà méjì tí ń to ẹrù inú àpò sílẹ̀.
Àṣẹ yìí, a wá a, a ò rí i.
Mo tẹ èyí tí ń ka ìwé síta.
A wá a, a ò rí i.
Èyí tí ń nu ojú mọ́, èyí tí ń sọ déètì òní,
a ò rí i, a ò rí i.
Àfi bí ẹni tí mo bá gbé fún ogójì ọdún
tó jí lóru tó ní, "Ta nìyí?"

Mo pe Taavet ọmọ ọmọ mi ní Narva. Fóònù dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́.
Mo gbé kọfí kaná. Mo fi igi mẹ́ta sí ààrò.
Wọ́n ní alábèèrè kì í ṣìnà,
ta ni kí n bi, nígbà tí aládùúgbò mi kan ṣoṣo
gbà pé kọ̀ǹpútà ló lé ẹja lọ?

Nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ ìwé àṣẹ ìpẹja tó ti kú,
mo bá ìwé pélébé kan, pẹ́ńsù ni ó fi kọ ọ́:
"Õnne, bí gbogbo rẹ̀ bá sọnù, kò sọnù.
Kò mọ ibi tí yóò wá a dé ni.
Pè é láti gbòǹgbò."

Mo pè é láti gbòǹgbò:
ìlà dídagun, orúkọ àpò irinṣẹ́,
ìlà dídagun mìíràn, lẹ́tà méjì náà.
Ó jẹ́!
Omi dídì ọdún mọ́kàndínlógún tò jáde lójú mi,
ọdún kan lẹ́yìn èkejì, kò sí èyí tó yingin.

Mo wá rí ẹ̀bi mi. Mo kọ́ yàrá tuntun,
mo sì mọ odi dí ẹnu ọ̀nà tó lọ sí ìyókù ilé.
Kókó méjì tó gun ara wọn, àmì dọ́là, Ọ̀NÀ ti tẹ́lẹ̀,
ohun tí mo gbàgbé kò ju ìyẹn lọ.
Mo fi sí i. Mo jáde. Mo tún wọlé.

Ní aago méjì òru, ó kí mi:
"Káàárọ̀, ??nne. Ó nípọn tó mélòó?"
Lókè rẹ̀, ìkìlọ̀ kan: kò lè lo èdè tí mo yàn.
Èdè mi! Nínú ilé mi!

Ìyẹn di ọ̀la. Ìgbín tẹnu mọ́gi, ó gùn ún.
Mo wọ bàtà, mo mú tọ́ọ̀ṣì àti irin ìlu-ihò.
Mẹ́tàlélógójì.
Mo padà wọlé, ọwọ́ mi ò tíì móoru,
mo tẹ̀ ẹ́ sí i.