Inú Ìṣẹ́po

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ránṣọ ní Òkè-Àdó,
n kì í gé aṣọ oníbàárà dé etí.
Mo máa ń ṣẹ́ díẹ̀ po sínú,
ìka méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta,
nítorí ara kì í dúró síbi tí a wọ̀n ọ́n sí.

Ọjọ́ tí mo bí Ìbídùn, ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ.
Adéọ̀yọ́ ni mo wà tí mo ní kí wọ́n dì í.
Èmi ni mo fọwọ́ síwèé, ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi.
Ọmọ mẹ́ta tó, mo sì fẹ́ wà láyé tọ́ wọn.
Ẹ má bá mi pe ìyẹn ní àbámọ̀.
Aṣọ tó bá mi mu lọ́jọ́ náà ni.

Bàbá wọn kú. Ọdún gorí ọdún.
Akínlàbí tó ń lẹ bàtà ní Mọ́kọlá fẹ́ mi,
kò béèrè ọmọ lọ́wọ́ mi rí.
Àmọ́ bí wọ́n bá gbé bàtà ọmọdé wá fún un,
á gbé e lé àtẹ́lẹwọ́,
á pẹ́ níbẹ̀ ju bí gọ́ọ̀mù ṣe ń gbẹ lọ.
Èmi náà sì fẹ́. Kí n má purọ́.

Dókítà Ọ̀ṣúnníyì ní Bódìjà wo ìwé mi títí.
"Mélòó ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú?"
Ẹ̀rín pa mí. Ìbéèrè télọ̀ nìyẹn!

Wọn ò la ikùn mi bíi tìgbà Ìbídùn.
Ihò mẹ́rin, kò sí èyí tó ju ojú bọ́tìnnì lọ,
kámẹ́rà gba ìdodo wọlé,
òwú tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun ìpéǹpéjú.
Apá ọ̀tún so.
Ti òsì, wọ́n ti gé e dé etí.

"Mo lè tún ọ̀nà ṣe," ni obìnrin náà wí,
"n ò lè pe ẹni tí yóò gbà á kọjá.
Bí oṣù bá yẹ̀, tètè wá,
kí a wo ibi tó dúró sí."

Abẹ́ tábìlì ìgéṣọ ni mò ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí,
níbi tí ojú ọmọṣẹ́ ò tó.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti fi àkísà nù ún.
Èyí ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá.

Lọ́la ni n ó gba Bódìjà lọ.
Akínlàbí ti sùn.
Mo tú ìṣẹ́po búláòsì mi, ìka kan péré,
mo fi píìnì há a.
N ò tíì rán an.