Ọ̀sán Gangan Ara

Èmi ni mo máa ń di aago mú fún Oihan.
Iṣẹ́ mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìka lórí bọ́tìnnì,
ojú lára òkúta, ẹnu ní dídì.
Òkúta náà rí roboto, ó dú bí ìdí ìkòkò,
ogóje kílò. Baba rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ
ní abúlé wa lókè ilẹ̀ àwọn Báskì,
níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni tó ń san gbèsè.

Ẹ má bi mí bóyá ara rẹ̀ le.
Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn le. Ara màlúù Garbiñe náà le.
Àwọn dókítà wá láti Pamplona,
wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà,
wọ́n ní kó mí sínú rọ́bà, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀,
wọ́n wọn ọ̀rá tó kù lára rẹ̀, wọ́n ní kò tó nǹkan.
Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n,
bó bá sùn, ọkàn rẹ̀ ń lù
lẹ́ẹ̀mejìlélógójì péré láàárín ìṣẹ́jú kan.
Maialen ìyá rẹ̀ gba ìwé náà, ó wò ó níwá, ó wò ó lẹ́yìn,
ó ní, “Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó máa ń sunkún lálẹ́.”

Ara tó bá fẹ́ dé góńgó, owó ibodè ń bẹ lọ́nà.
Oihan gbàgbé bí wàràkàṣì ti ń rí lẹ́nu.
Ó ń wọn ẹyin. Ó ń wọn ẹ̀wà.
Wọ́n ń jó níta ṣọ́ọ̀ṣì, òun ti sùn láago mẹ́sàn-án.
Awọ àyà rẹ̀ ń bó, ó ń san, ó tún ń bó
níbi tí òkúta ń gbà gòkè.
Edurne dúró dè é títí,
ó sì lọ fẹ́ oníbúrẹ́dì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ìdíje ku ọjọ́ márùn-ún.
Òjò. Inú abà.
Èmi, òun, àgùntàn mẹ́ta, ajá kan.
Ó ní òun kàn fẹ́ na ara ni.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó dì í mọ́ra: òkúta dé itan,
ó dé ikùn, ó yí, ó dé èjìká,
ó já lulẹ̀ sórí tìmùtìmù, gbì.
Ó tún bẹ̀rẹ̀.
Mo ti rí i kó gbé e nígbà ẹgbẹ̀rún,
n kò rí irú èyí rí.
Ìyà kò sí lójú rẹ̀.
Èémí ń wọlé, ó ń jáde, bí onílé.
Òkúta ò wúwo mọ́. Rárá, irọ́ ni, ó wúwo,
àmọ́ ìwúwo ọ̀hún ti ń bá a ṣiṣẹ́.
Okun inú la fi ń gbé tìta, wọ́n wí;
lọ́jọ́ náà, n kò mọ èyí tó jẹ́ inú,
n kò mọ ìta.
Gbì. Gbì. Gbì.
Àwọn àgùntàn dẹ́kun koríko jíjẹ.
Nígbà tó fi í sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mélòó?”

Mo wo ọwọ́ mi.
N kò tẹ aago. N kò kà á.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lójú gbogbo ayé,
ó gbé e lẹ́ẹ̀mejìdínlógún.
Xanti ará Azpeitia gbé e lẹ́ẹ̀mọkàndínlógún.
Ìyẹn wà nínú ìwé.

Bí oòrùn bá kan àtàrí,
òjìji a wọ abẹ́ ẹsẹ̀ olówó rẹ̀.
Kí o tó wolẹ̀ wá a,
ó ti yọ orí lódì kejì.

Ọdún mọ́kànlá nìyẹn.
Orúnkún Oihan ń han bí ilẹ̀kùn abà.
Ó ń jẹ wàràkàṣì.
Ó ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ sórí ibùsùn, ó ń mí hẹlẹ,
adìyẹ sì ń yé sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta.
Bí a bá ti mu ọtí ápù díẹ̀, á fara tì mí:
“Lódodo, mélòó lo rò pé ó jẹ́?”
Lánàá mo ní mẹ́tàlélógún.
Ó ní irọ́ ni mò ń pa.
Ó ní kí n bu ọtí sí i.