Ìwé Agbẹ̀bí Kan ní Merthyr

Alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1966. Yìnyín ń já lára fèrèsé wọ́ọ̀dù.
Ìwé ìròyìn wà lórí tábìlì, ẹnì kan ti gbé ife tíì lé e lórí.
Wọ́n to ọdún náà sí òpó mẹ́ta:
ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn tó wáyé, àwọn tó lọ.
Mo kà á títí, mi ò rí ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀.

Ní Ṣẹ́rẹ́, àwọn ṣọ́jà gbàjọba nílé wa.
Ìlà mẹ́rin. Ìpolówó ọṣẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gùn jù ú lọ.
Ní Èrèlé, ẹ̀rọ àwọn ará Rọ́ṣíà gúnlẹ̀ sójú òṣùpá,
jẹ́jẹ́, bí ẹni tẹ́ ọmọ sórí ẹní.
Ní Ẹrẹ́nà, olè jí ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù gbé,
ajá ló bá wọn rí i nídìí igbó ọgbà.
Mo rẹ́rìn-ín títí Sista Gwenllian fi bi mí pé kí ló dé.

Ní Agẹmọ, ife náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì.
Ní àfonífojì tiwa yìí, àtẹ́wọ́ ò pọ̀:
wọ́n ń wò ó bí ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ tuntun.
Èmi ò wo bọ́ọ̀lù. Rédíò kékeré ni mo fi mọ́ etí,
torí lánàá ọjọ́ náà ni ìbọn tún dún, ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn,
àbúrò mi Òjéwùmí sì jẹ́ akọ̀wé ní bárékè.
Owéwe ni lẹ́tà rẹ̀ tó dé:
"Ara wa le. Má bèèrè ohun mìíràn."

Ti Ọ̀wàwà, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ̀ ẹ́: Aberfan.
Òkìtì pàǹtí èédú tu nídìí lórí òkè,
ó ṣàn wálẹ̀, ó bo ilé ẹ̀kọ́,
láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí wọn ì bá gba ìsinmi lọ́sàn-án.
Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gọ́fà. Àgbà méjìdínlọ́gbọ̀n.

Èdè wa a máa yọ nǹkan kúrò kó tó pe iye:
ọgọ́fà, yọ mẹ́rin.
Odidi oṣù kan ni mo fi ń wá àwọn mẹ́rin tí a yọ yẹn,
bí ẹni pé wọ́n ń bẹ níbì kan, tí wọ́n ń mu mílíìkì wọn.

Mo ní ìwé tèmi. Èèpo rẹ̀ ti gbó.
Láti 1958 ni mo ti ń kọ ọ́: orúkọ ìyá, wákàtí, ìwọ̀n ọmọ.
Mo ṣí i.
Dilwyn. Pọ́n-ùn méje. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ.
Mo sọ fún ìyá rẹ̀ nígbà náà pé nílé wa, Ìgè ni à bá pè é.
Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń pè é bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ohùn Wales,
títí ọmọ fi gbé àpò sọ́rùn lọ ilé ẹ̀kọ́.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀.
Ó yí ọwọ́ mi padà, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ mi.
Ẹ kú wà fún òjò, ẹ kú wà fún ìjókòó,
ẹ kú wà fún ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́.
Mo wá ẹ kú kan fún èyí, mi ò rí.

Ní Ọ̀pẹ, ọkùnrin tó ya eku tó wọ ṣòkòtò kú ní Amẹ́ríkà.
Wọ́n ya òpó gígùn sọ́tọ̀ fún un, ó sì tọ́ sí i, àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀.
Ní òpó àwọn tó wáyé, ọmọ àwọn ìjòyè nìkan.
Ọmọ igba ó lé mọ́kànlá ni mo gbà lọ́dún yìí,
gbogbo wọn ló dì ìkúùkù wá,
kò sẹ́ni tó ṣí ọwọ́ tirẹ̀ kí n wò ó.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀. Ìyá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹfà ń pè mí.
Ó ní ṣé ọmọ ò lè ní sùúrù kó di ọdún tuntun.
Mo ní, màdáámú, ọmọ kì í ka ìwé ìròyìn.
Mo lọ fọ ọwọ́ mi.